Olóyè Fẹlá Ṣówándé: Ẹni Tí Ó Gbé Ohùn Àwọn Àgbà Sí Orí Asọ̀rọ̀mágbèsì

Àṣà ìwé ọdọọdún wa yìí ni láti máa sọ ìtàn ẹnì kan tí ó ti kọjá lọ, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ipa tí wọn yóò tọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ Èkìtì ni a máa ń yàn. Lọ́dún yìí, ẹni tí a yàn kì í ṣe ọmọ Èkìtì, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè ohun tí ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó fà á.

Nínú ọdún tí ó kọjá ni a sin ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa. Àlàmọ̀ ni iṣẹ́ ẹnu rẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìwúyè, kò sí ìsìnkú àgbà tí a kì í ránṣẹ́ pè é, bí ó bá sì ti gbóhùn sókè, yóò to oríkì ìdílé púpọ̀ lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé. Ní ọjọ́ ìsìnkú tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ wá ẹni tí yóò dá àlàmọ̀ fún un, wọn kò rí. Orin inú ẹ̀rọ ni a fi sin ín, orin tí a gbà sílẹ̀ ní ìlú ẹlòmíràn. Àwa tí a wà níbẹ̀ ń wo ara wa lójú, ojú sì tì wá. Láti ọjọ́ náà ni ìtàn Olóyè Fẹlá Ṣówándé ti ń jà lọ́kàn wa, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́jọ́ náà ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ gbógun tì.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1905 ni a bí Olúfẹlá Ṣówándé. Ìdílé Ẹ̀gbá ni ó ti jáde. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, Emmanuel Ṣówándé, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ pàtàkì mú orin ìsìn ní ilẹ̀ wa. Ilé orin ni a bí ọmọ náà sí, inú orin ni a sì tọ́ ọ dàgbà.

Ó kàwé ní CMS Grammar School àti ní King's College, méjèèjì ní Èkó. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó tẹ̀lé e títí dé ọjọ́ alẹ́ ni ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà Krístì tí ó wà ní Marina. Níbẹ̀ ni T. K. Ekúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin. Ọkùnrin yìí ni ó mú Fẹlá wọ inú ẹgbẹ́ akọrin, òun ni ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ lé orí dùùrù. Ẹni tí ó ronú jinlẹ̀ ni Phillips. Ó rí i pé nígbà tí a túmọ̀ orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí a sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù. Gbogbo àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá ni a mọ èyí: bí ohùn bá sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko lè di ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Adó. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sínú, kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ọdún Púpọ̀ Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní nǹkan bí ìdajì àwọn ọdún 1930, Ṣówándé wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó ní lọ́kàn láti kọ́, ṣùgbọ́n orin kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ dùùrù ní àwọn ibi ìgbafẹ́ àti ilé eré, ó bá àwọn olórin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nínú eré tí wọ́n pè ní Blackbirds ní ọdún 1936, ó sì bá gbajúmọ̀ akọrin obìnrin nì, Adelaide Hall, ṣe àwo orin. Bí ó ti ń ṣe èyí, kò jáwọ́ nínú ìwé. Ní ọdún 1943, ó di ọmọ ẹgbẹ́ gíga ti Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe pé ó yege nìkan, ó gba ẹ̀bùn ìdánilọ́lá nínú ìdánwò náà pẹ̀lú.

Ní àkókò ogun ńlá kejì, ó ṣiṣẹ́ orin fún àwọn fíìmù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ń bá ilé iṣẹ́ BBC ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1952, òun ni atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ènìyàn wa: ọmọ àlùfáà láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń darí akọrin àwọn aláwọ̀ funfun ní àárín ìlú wọn. Ẹni tí ó bá dé irú ipò bẹ́ẹ̀ lè gbàgbé ilé. Ṣówándé kò gbàgbé. Lára àwọn orin tí ó kọ fún dùùrù ni Oyígíyigì, Ọbáńgíjì, Ká Múra àti Jésù Olùgbàlà. Orúkọ wọn nìkan tó láti fi hàn wá ibi tí ọkàn rẹ̀ wà.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni African Suite, tí ó kọ ní ọdún 1944 fún ẹgbẹ́ àwọn tí ń lo ohun èlò orin olókùn. Apá márùn-ún ni ó pín in sí. Nínú rẹ̀ ni ó ti lo ohùn orin Ephraim Amu, olùkọ́ àti olórin ọmọ ilẹ̀ Ghana. Apá tí ó kẹ́yìn ń jẹ́ Akinla. Ní ilẹ̀ Kánádà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clyde Gilmour ní ètò orin kan lórí rédíò CBC láti ọdún 1956 títí di ọdún 1997, Akinla yìí ni ó sì fi ń ṣí ètò náà. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ará Kánádà ń gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Yorùbá nínú ilé wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Bí Asọ̀rọ̀mágbèsì Ti Rí Kí Ó Tó Dé

Kí a tó sọ ohun tí ó wá ṣe nílé, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ bí rédíò ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1932 ni a kọ́kọ́ ń gba ohùn BBC ní Èkó. Ní ọdún 1935, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn náà lọ sí ilé àwọn tí ó bá lè san owó oṣooṣù. Àpótí kékeré kan ni a ń gbé kọ́ ara ògiri, kò sì sí ibùdó méjì tí a lè yí i sí. Ìbàdàn rí tirẹ̀ gbà ní ọdún 1939, àwọn ìlú ńlá mìíràn sì tẹ̀lé e. Àpótí yìí ni àwọn bàbá wa fún ní orúkọ tí ó bá a mu gẹ́lẹ́: asọ̀rọ̀mágbèsì, ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì.

Orúkọ náà jinlẹ̀ ju àwàdà lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí àpótí náà ń sọ, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti wá: ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù, orin Lọ́ńdọ̀nù, aago Lọ́ńdọ̀nù. Àkókò díẹ̀ ni a fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àti orin tiwa. Ó ń bá wa sọ̀rọ̀, àwa kò sì rí ẹnu fi dá a lóhùn. Ní ọdún 1951 ni a dá ilé iṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà sílẹ̀, tí Tom Chalmers, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti BBC, sì jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1957, ilé iṣẹ́ náà di àjọ tí ó dá dúró, èyí tí a mọ̀ sí NBC. Ilé ti wà, ẹ̀rọ ti wà. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò mọ ohun tí ó yẹ kí a fi sínú rẹ̀.

Iṣẹ́ Rẹ̀ Ní Ilé Iṣẹ́ Rédíò

Ní nǹkan bí ọdún 1953, Ṣówándé padà sí Èkó gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò náà. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 45. Ìbá rọrùn fún un láti jókòó sínú ọ́fíìsì, kí ó máa fi àwo orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù sí orí ẹ̀rọ, kí ó sì máa tẹ dùùrù ní ọjọ́ Ìsinmi. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí, nítorí kò sí ọmọ Nàìjíríà kan tí ó mọ orin náà jù ú lọ ní àkókò yẹn.

Ohun tí ó ṣe yàtọ̀. Ó jáde lọ bá àwọn tí ó ni orin náà. Ó lọ bá àwọn onílù, àwọn asunrárà, àwọn àgbà tí ó mọ ìdí orò ilẹ̀ wọn, àti àwọn babaláwo. Ó gba ohùn wọn sílẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ó jókòó tì wọ́n bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti ń jókòó ti olùkọ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá gbé wọn sí orí afẹ́fẹ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ètò rẹ̀ ń jáde, níbi tí àwọn àwòrò àti àwọn àgbà ti ń fi ẹnu ara wọn ṣàlàyé ohun tí wọ́n mọ̀. Àpótí tí kì í gba èsì tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbé èsì wa jáde.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fojú kékeré wo iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ti gba ohùn àgbà sílẹ̀ rí mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí a kàn tan ẹ̀rọ. Bí dùndún bá sún mọ́ ẹ̀rọ jù, yóò bo ohùn asunrárà mọ́lẹ̀. Bí a kò bá béèrè orúkọ ẹni tí ń kì, ìdílé tí ó ń kì, àti ìdí tí a fi ń kì í, ohun tí a mú bọ̀ wálé kò ju ariwo dídùn lọ. Orin tiwa kì í dá rìn. Orin ọdẹ wà fún ọdẹ, orin ìyàwó wà fún ìyàwó, èyí tí a ń kọ nígbà tí ọba bá wàjà kò ṣeé kọ níbi ìsọmọlórúkọ. Ìdí nìyí tí Ṣówándé fi ń fi àlàyé ti orin lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí ọmọ Èkó tí kò mọ oko bàbá rẹ̀ mọ ohun tí ó ń gbọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dùn mọ́. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ gbà pé ìlù àti Ifá kò yẹ ní etí ọmọlúàbí. Ọmọ àlùfáà ni Ṣówándé, atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì sì ni títí. Kò rí ìjà láàárín méjèèjì. Lójú rẹ̀, ìmọ̀ ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ babaláwo, ẹni tí ó bá sì jẹ́ kí ìmọ̀ ṣègbé ti ṣẹ àwọn baba rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí Ifá, nínú èyí tí ó pè é ní afọ̀nàhàn, olùdámọ̀ràn àti ọ̀rẹ́ àwọn baba ńlá wa. A kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn gba ohun tí ó gbà. Ohun tí a ń sọ ni pé ó fi etí sílẹ̀ kí ó tó dájọ́.

Ohun Tí Ó Ń Ṣẹlẹ̀ Ní Ọ̀yẹ́ Ní Àkókò Kan Náà

Bí Ṣówándé ti ń ṣe èyí nínú orin, irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ nítòsí wa nínú igi. Ní ọdún 1947 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọn kò pe àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wá láti gbẹ́ ère bí ti Yúróòpù. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọwọ́ Yorùbá gbẹ́ ìtàn Bíbélì. Bámidélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí George Bandele, wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ti túbọ̀ kọ́ iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí káàkiri ayé. Ọwọ́ tí ó mọ ère Ẹ̀pà ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi iṣẹ́ náà kò pẹ́ ju ọdún 1954 lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò parẹ́. A mẹ́nu kàn án kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ Ṣówándé jẹ́ ọ̀rọ̀ Èkó nìkan. Ìbéèrè kan náà ni ó wà ní iwájú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà: ṣé kí a ju tiwa nù láti gba ti àlejò, àbí kí a fi ọwọ́ tiwa gba ti àlejò?

Ọlá àti Ọjọ́ Alẹ́ Rẹ̀

Ọlá kò yẹ̀ lórí rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1956. Ní ọdún 1957 ó lọ sí Amẹ́ríkà láti tẹ dùùrù àti láti sọ̀rọ̀ lórí orin ilẹ̀ wa. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ó kọ orin gígùn kan tí ó pè ní Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MFR fún un ní ọdún 1964, a sì fi í jẹ Bágbilé ìlú Èkó ní ọdún 1968.

Ní àárín àwọn ọdún 1960, ó kúrò ní ilé iṣẹ́ rédíò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn láti máa ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1968 ó tún kọjá sí Amẹ́ríkà, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Howard, lẹ́yìn náà ní Pittsburgh, àti ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio. Níbẹ̀ ni ó ti dàgbà, níbẹ̀ ni ọlọ́jọ́ sì dé sí. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1987 ni ó jáde láyé ní ìlú Ravenna, ní ẹni ọdún 81. Ìtòsí ibẹ̀ náà ni a sin ín sí. Ẹni tí ó kó ohùn àwọn àgbà wa jọ fún wa sùn sí ilẹ̀ òkèèrè, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ó wà lẹ́yìn odi ti ń bẹ̀rù pé ó lè rí fún àwọn náà.

Ohun Tí Ìtàn Yìí Béèrè Lọ́wọ́ Wa

Láti ìgbà Ṣówándé, rédíò ti ń sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Àkúrẹ́. Nígbà tí a fún wa ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ọdún 1996, ilé iṣẹ́ rédíò wá dé Adó, níbi tí a lè mọ́tò lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà. Lónìí, ìkéde òkú wa, ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ìwúyè ọba wa, ọdún Ògún ní Ìrè àti ọdún ìlú mìíràn, gbogbo rẹ̀ ni a ń gbọ́ lórí rédíò ní èdè tiwa. Ó yẹ kí a dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò kò lè gbé ohun tí a kò fún un jáde. Bí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá dé ìlú tí kò sí ẹni tí ó mọ nǹkan mọ́, àwo orin ìlú ẹlòmíràn ni yóò fi sí i. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀. Àwa olùkọ́ ni a kọ́kọ́ jẹ̀bi. A rántí dáadáa bí a ti ń na ọmọ tí ó bá fi èdè àdúgbò wa dáhùn ní kíláàsì, tí a sì ń pe ìlù ní ohun ìfàsẹ́yìn. Ọwọ́ wa ni a fi pa etí àwọn ọmọ náà dé. Nígbà tí ìyá aláàlàmọ̀ yẹn kú, àwọn tí ìbá dá àlàmọ̀ fún un ni àwọn tí a ti nà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Nítorí náà, a fi ìmọ̀ràn yìí síwájú ẹgbẹ́ wa. Kí ọdún yìí tó parí, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ bá àwọn àgbà tí ó kù, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpò wọn gba ohùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ àgbà náà, ìdílé rẹ̀ àti ìgbà tí a ń lo orin náà. Kí a fi ẹ̀dà kan sí ilé ẹgbẹ́, kí a fi ọ̀kan sí ilé ẹ̀kọ́ wa, kí a sì mú ọ̀kan lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ ní àwọn ìyá àti bàbá àgbà lọ́dọ̀ yín tí ẹ mú lọ tọ́jú ọmọ. Ẹ gba ohùn tiwọn náà kí ó tó pẹ́.

Ṣówándé fi wáyà àti àpótí ara ògiri ṣe tirẹ̀. Àwọn àgbà tí ó kù ní agbègbè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó kò pọ̀ mọ́, àwa fúnra wa sì mọ iye àwọn tí a sin láti ọdún tí ó kọjá. Kí Olúwa dá àwọn tí ó kù sí fún wa títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Àṣẹ.